Kí O Tó Yọ̀, Fi Ọwọ́ Dí Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4

Òjò láti àárọ̀. Ọ̀gá tó ni yàrá ìwádìí wa pè wá jọ sídìí àgbá onírin tí a fi ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń pín yàrá àti ẹ̀rọ ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Bí okùn wa kò bá tíì dáhùn títí dìgbà náà, àgbá yóò gòkè lọ bá àwọn ará àjà kejì, yàrá yìí á di ibi tí wọ́n ń kó àga sí, èmi náà á sì gbalé lọ. "Ilé" tó ń wí, ọ̀dọ̀ màmá mi ni, lókè òkun. Kò sọ ọ́ bí ìhàlẹ̀. Bí ẹni ń ka ìwọ̀n ooru ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Baba Páńpù, ẹ̀gbọ́n wa tó ń tọ́jú àgbá (kò tíì pé ogójì ọdún o, àmọ́ páńpù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú àgbá jáde kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn), wò mí títí. "Ọmọ Òkèèrè, o gbọ́? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Èdè wa ni màá fi kọ ìwé yìí. Mo ti ka ìwé púpọ̀ jù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe orúkọ mi tán. Ìyá Àgbà ní ohun tí ẹnu mi bá ti lè sọ, kí ọwọ́ mi má ṣe ṣojo.

Ọjọ́rú, 6

Aṣọ kò gbẹ. Ìyá Àgbà, ìyá màmá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti fi okùn aṣọ la pálọ̀ já, abẹ́ ṣòkòtò mi la sì jókòó sí tí a ń sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an tí ojú rẹ fi jìn báyìí?"

"Okùn kan ni, Mà. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. A fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn máa gbé ọ̀rọ̀, a wá wọ okùn náà láṣọ kan tó jẹ́ pé bí iná mànàmáná bá kàn án, á wú, á tún súnkì. Bí aṣọ bá fún okùn mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀. Bó bá tú u sílẹ̀, á yára."

"Ta ló máa wá mọ̀ pé ó wọ́ ẹsẹ̀?"

"A pín ìmọ́lẹ̀ kan sí méjì. Ọ̀kan gba inú okùn tó wọṣọ, èkejì gba inú okùn tó wà níhòòhò, wọ́n á wá pàdé níwájú. Bí wọ́n bá jọ dé, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́, á ṣókùnkùn."

Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. "Ìbejì tí wọ́n rán níṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Mà!"

"Èyí tó wọ aṣọ híhá ló máa pẹ́. Ta ni kò mọ ìyẹn? Bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, díẹ̀ ló kù kí bàbá rẹ àgbà fẹ́ ẹlòmíràn kí n tó dé iwájú."

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Okùn kìíní. Mo bọ́ ike ara rẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́. Baba Páńpù fi wúrà pa á lára nínú àgbá. Mo fà á la inú oje tó máa gan di aṣọ rẹ̀ kọjá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú jáde nínú oyin. A tún fi wúrà bò ó. Lẹ́yìn náà a gbé e sínú ófùn ní ooru àádọ́rùn-ún, a fi iná gíga, ìyẹn iná mànàmáná tó lágbára, sí i, a sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí a tó pa iná náà.

Baba Páńpù ń pe ìyẹn ní kíláàsì. Ó ní aṣọ yẹn dà bí ọmọ iléèwé, olúkúlùkù èérún inú rẹ̀ ń kọjú síbi tó wù ú. Ooru á mú kí ọrùn wọn rọ̀, iná gíga á ní "Ó yá, ẹ kọjú síbí!" Bó bá tutù, ọrùn wọn ti gan, wọn ò lè yí padà mọ́. Aṣọ tí kò bá kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì, iná á kàn án títí, kò ní mira.

Èmi ni mo lẹ wáyà mọ́ ọn. Gúlù fàdákà ni mo lò, mo sì yan án ní àádóje nínú ófùn kan náà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, tó fi le bí òkúta. Baba Páńpù fà á, kò já. Ó ní gúlù òun kì í le báyìí rí. Orí mi wú.

A tan lésà. A fi iná sí aṣọ. Ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ, tó yẹ kó máa jó bí okùn bá dáhùn, tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo.

Ọjọ́ Ajé, 11

Okùn kejì. Ó kú. Òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ọ̀kan nínú àwọn ará òkè sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n. Ó kí wa dáadáa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àgbá lóòró àti níbùú.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Káfíńtà," ni Baba Páńpù wí. "Pósí ta lẹ fẹ́ kàn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa gba ẹnu ọ̀nà wa ni."

"Ẹnu ọ̀nà yín kò sí níbí. Ẹ lọ wọn ọ́n níbi tó wà."

"Ẹnu ọ̀nà kò ṣòro. A lè wó o."

Nígbà tó lọ tán, Baba Páńpù mú èkísà, ó nu gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. "Òkú ò tíì tutù, wọ́n ti ń pín ogún." Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ó DÁHÙN! Okùn kẹta dáhùn! Ìlà yẹn ń jó bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lẹ́sẹ̀! Mo ti pe Ọ̀gá. Baba Páńpù lọ ra àkàrà, kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ kó wọlé kó bá mi tí mo ń jó.

*Nígbà tó yá.* Mo fi ohun tí mo kọ sókè yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ojú lè tì mí dáadáa.

Baba Páńpù wọlé, ó wo ìlà náà, ó wo èmi, ó wá nàka sókè ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀: KÍ O TÓ YỌ̀, FI ỌWỌ́ DÍ ÌMỌ́LẸ̀. Àṣà yàrá yìí ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo fi ọwọ́ dí i. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò wọnú ẹ̀rọ mọ́, síbẹ̀ ìlà náà ń jó lọ ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Iná inú wáyà ló ń fo inú afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ. A yí wáyà padà, a fi bébà onírin bò ó. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Baba Páńpù sọ okùn kẹta ní Òpùrọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

"Mo ti pe alága ìgbìmọ̀ lánàá," ni Ọ̀gá wí. "Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí? Pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi rí iwin?"

"Ẹ ní èmi ni mo ṣì í, Mà."

"Ìwọ lo ṣì í. Èmi ni mo gbà ọ́ gbọ́. Ta ló ṣì í jù?"

Kò dúró kí n dáhùn. Ojú mi ló ti pe alága, ó sọ òótọ́ fún un láìyí i, kò dárúkọ mi. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín láti inú fóònù. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó ní: "Wọ́n ṣì ń bọ̀. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra òun ló máa fi ọwọ́ dí ìmọ́lẹ̀ náà."

Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Màmá mi pè. "Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti tún gun òkè o. Ṣé kí n rà á?"

"Ẹ ní sùúrù dé ìparí oṣù, Mà."

"Sùúrù yẹn, ọ̀wọ́n gógó ni."

Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Wúrà tí a ń fi sínú àgbá ti fò débi pé Baba Páńpù ń gbá ilẹ̀ àgbá bí ẹni ń wá yẹtí.

Ìyá Àgbà wà ní kíṣìnnì, ó ń da ìkòkò rú kí n lè rò pé kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó yọjú. "Bó bá jẹ́ pé o máa lọ, má ṣe jẹ́ kó ku ọ̀la kí o tó sọ fún mi." Ó padà sídìí ìkòkò.

Ọjọ́ Ajé, 18

Okùn kẹrin náà kú.

"Ìdọ̀tí ni," Baba Páńpù wí.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ̀gbọ́n. Mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin!"

"Bóyá wúrà yín ló fẹ́lẹ́ jù."

Háà. Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Wúrà mi. Lẹ́yìn tí mo ti ń pa wúrà lára gíláàsì kí o tó mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Wúrà mi ló fẹ́lẹ́."

A fọ yàrá látòkè délẹ̀, títí kan ògiri, a kò bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ó da ìdajì ẹ̀pà rẹ̀ sí iwájú mi, kò wojú mi. Mo jẹ ẹ́. Ìjà parí, ṣùgbọ́n okùn kò jí.

Ọjọ́rú, 20

Gbogbo nǹkan lórí okùn karùn-ún lọ déédéé. Ó jókòó ní kíláàsì tán, mo lẹ wáyà mọ́ ọn, mo ní kí n máa gbé e sínú ófùn kí gúlù le, ni iná lọ ní gbogbo ilé náà. Mo dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ bí abẹ́là tí kò tàn. Wọ́n ní iná kò ní dé títí di ọ̀túnla.

Mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gúlù tútù. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó gbàgbé ibi tí oníkálukú dúró sí.

Iná dé láàárọ̀. Mo mú okùn karùn-ún jáde. Gúlù ti gbẹ fúnra rẹ̀, kò le, ó kàn dúró. Kí n lè mọ̀ bóyá wáyà máa gba iná rárá ni mo ṣe so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Ìlà náà jó.

Mi ò pariwo. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kì í fẹ́ rí okùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi fi ọwọ́ dí ìmọ́lẹ̀."

Ó wá láti ìdí páńpù, ó na ọwọ́. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ìlà jó. Ó tún fi dí i, ó tún tẹ́. Ó ṣe é títí ó fi di eré ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nu ún, bẹ́ẹ̀ ìgò náà mọ́ tónítóní.

Ó ní, "Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Ó sáré lọ pe Ọ̀gá. Kò bá a níbi iṣẹ́. Èmi, nígbà tó jáde, mo ní kí n parí iṣẹ́ náà dáadáa, kí wáyà má lọ já níwájú ìgbìmọ̀. Mo tan ófùn, mo yí i sí àádóje. Nígbà tó gbóná, mo gbé okùn karùn-ún dání, mo ṣílẹ̀kùn. Ooru fẹ́ sí mi lójú.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró.

Àádọ́rùn-ún ló mú kí ọrùn wọn rọ̀ ní kíláàsì. Kí wá ni àádóje ń ṣe fún wọn, tí kò sí tíṣà níwájú? Ìkìíní gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí wọlé. Ìkejì, Òpùrọ́, ìkẹrin. Gbogbo wọn ló ti kàwé yanjú kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Eléyìí nìkan ni kò wọ̀ ọ́, nítorí pé iná lọ.

Nílé ẹ̀kọ́ mi lọ́hùn-ún, aṣọ tiwa dà bí òkúta, láti ìgbà tó ti ń balẹ̀ sára okùn ni èérún rẹ̀ ti kọjú síbì kan. Bí a bá fẹ́, a lè yan án bí búrẹ́dì. Àṣà ibẹ̀ ni mo gbé wá síbí láìbi í léèrè. Ohun tí aṣọ tibí fi ooru kọ́, ooru náà ló fi ń gbàgbé rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ófùn. Mo gbé okùn sílẹ̀ rọra, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Baba Páńpù ṣe bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í sì í ṣe wúrà yín."

Ọjọ́ Ajé, 25

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, Mà. Mo fẹ́ jí òkú kan wò."

Òpùrọ́ la yàn, torí a ti gé àwọn òkú yòókù láti wo inú wọn; wáyà rẹ̀ ti le, kò nílò gúlù mọ́. Bí a bá dá a padà sí kíláàsì, tí a kò sì yan án mọ́ lẹ́yìn náà, ó yẹ kó dáhùn. Òjò ń rọ̀, ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá iná gíga. Bó bá rí ibi fò sí, okùn á jóná. Àwa mẹ́ta yí ófùn ká, Baba Páńpù lórí àga rẹ̀, kò sẹ́ni tó mí.

*Tàá!*

Ọ̀gá di apá mi mú. Àga Baba Páńpù ni. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àga náà ló ṣẹ́.

"Ẹ má wò mí," ó wí láti ilẹ̀. "Ẹ máa wo ófùn."

Nígbà tó tutù tán, a so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ìlà jó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ dí i. Ó tẹ́.

Òkú jí. A ti ní méjì.

Ọjọ́bọ̀, 28

A ní ẹyọ kan.

Baba Páńpù ń gbé okùn karùn-ún bọ̀ sórí tábìlì àlejò. Ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fà á. Kò dún rárá. Mo rí i tó dúró, apá okùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, apá kan lọ́wọ́ òsì.

"Ọmọ Òkèèrè..."

"Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

Mo jáde lọ dúró nínú òjò. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa mẹ́rin, ta ni màá wá bínú sí? Nígbà tí mo wọlé, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé èjìká, méjèèjì. Kò jẹun lónìí.

Ó ku Òpùrọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Wọ́n pé márùn-ún, alága ló ṣíwájú, ọkùnrin gíga tó wọ kóòtù tó tóbi. Káfíńtà ló kẹ́yìn nínú wọn, mo rí téèpù tó yọrí nínú àpò rẹ̀.

A ti pèsè ìró ẹyọ kan tó máa gba inú ìmọ́lẹ̀ jáde sí sípíkà. Alága mirí. "Ìró lásán? Páńpù yín náà ń dún. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ọ̀gá wò mí. Kò sí ohùn kankan lórí fóònù mi ju èyí tí Ìyá Àgbà fi ránṣẹ́ láàárọ̀, tí mi ò tíì gbọ́. Mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ tó ń fún iná lágbára, tó so mọ́ aṣọ Òpùrọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan kan. Ariwo híhó bí òjò lórí páànù. Ooru ara èèyàn mẹ́jọ nínú yàrá kékeré ti ń da ìbejì méjèèjì láàmú, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa pàdé sí mọ́. Mo pa fáànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má mira."

"Ẹ̀mí ńkọ́?" ni alága bi mí.

"Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀, Sà."

A dúró. Mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"...kọ mi. O tún jáde láìjẹun..."

Ohùn Ìyá Àgbà ni, ó hó díẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Alága fi ọwọ́ dí ìmọ́lẹ̀. Ohùn gé. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"...mo wá gbé e sínú abọ́ aláwọ̀ ewé, mo dé e..."

Ó tún dí i. Ìdákẹ́jẹ́. Ó tún ṣí i.

"...ṣé kí n gbé e wá bá ọ níbẹ̀ ni?"

Ìgbà kẹta, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sápò, ó tẹ́tí.

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ má fi iṣẹ́ pa ọmọ mi fún mi o."

Ẹ̀rín bú jáde, ooru yàrá yí padà, ohùn náà sì pòórá sínú híhó. Kò burú, wọ́n ti gbọ́.

Alága ṣì ń nu ojú. "Àgbá yìí kò lọ síbì kankan," ó sọ fún Ọ̀gá. "Ọmọ yìí náà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ fi mẹ́wàá irú rẹ̀ hàn mí kí ọdún tó parí."

Bí wọ́n ti ń jáde, Baba Páńpù, tí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà ní kíká, ké tẹ̀lé wọn: "Káfíńtà! Ẹ rọra o, kí téèpù yín má já bọ́!"

Mo ránṣẹ́ sí màmá mi: Ẹ má rà á.

Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Mo sọ fún un pé mi ò lọ mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ lónìí, níwájú àwọn èèyàn ńlá.

"Ohùn tèmi? Kí ni ó wí?"

"Ó béèrè bóyá kó gbé oúnjẹ wá bá mi."

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Láti àárọ̀.

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gba kíṣìnnì lọ.